Bọ́tìnì Kẹta Lára Ṣẹ́ẹ̀tì Ọkọ Abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí títí dé gbólóhùn tó kẹ́yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: kí la ti mọ̀? A mọ̀ pé àgbèrè ń ba ilé jẹ́. A mọ̀ pé ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ kì í rí oorun sùn, oúnjẹ kì í sì í dùn lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹnu wa ò ti kò ni èyí: ṣé ìrora yẹn lè sọ ẹni tó ṣe ẹnì kejì rẹ̀ léṣe di aláre? Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

1.
Aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́, nítorí pé ojú rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ náà sì mú. Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun òpópónà wọn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Abẹ́rẹ́ ló ń rán gbogbo bọ́tìnì ilé wọn. Òwú rẹ̀ máa ń dábùú ara wọn lórí bọ́tìnì, á sì fi kókó rẹ̀ pamọ́ sábẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnì kẹta. Òwú méjì ló nà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kókó wọn sì jókòó sókè bí ẹni pé ilé baba rẹ̀ ni.

Ó rọra bi ọkọ rẹ̀ pé ta ló bá a rán an. Ọkọ ní òun lòun rán an fúnra òun, nígbà tí kò sí oníbàárà. Abẹ́rẹ́ ò jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, ó na abẹ́rẹ́ àti òwú sí i, ó ní ojú ń dun òun, kó bá òun ki òwú bọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà lá òwú títí, ó di ojú kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún ara rẹ̀ nímú.

"Dádì, ẹ ò tiẹ̀ mọ ibi tí ihò rẹ̀ wà," ni ọmọ wọn wí, ó bú sẹ́rìn-ín.

Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

2.
Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ bá pẹ́ dé, ìfura. Bó bá tètè dé, ìfura. Bó bá jáde báyìí, Abẹ́rẹ́ á kó aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, á máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ń máàkì ìwé. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, ó ti rí ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó ní kókó òkè yẹn.

Ìgbà yẹn ló tó dá ọwọ́ náà mọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi bá ọmọọṣẹ́ rẹ̀ obìnrin kan jà lórí kókó òkè, kí ọmọọṣẹ́ náà tó gba ìyọ̀ǹda, tó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọkọ ti ń gẹrun. Aránṣọ mọ ọwọ́ ẹni tó kọ́ níṣẹ́ bí olùkọ́ ṣe mọ ìkọ̀wé ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Ó sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán, kò ní irọ́ ni, kò sì ní kó máa fara dà á.

"Àbúrò mi, ó lè jẹ́ òótọ́. Yàrá kan ṣófo nílé mi. Mú ọmọ ẹ, kó ẹrù ẹ wá."

"Kí n kó ẹrù jáde fún ọmọọṣẹ́ mi?"

"Kó o jáde fún ara ẹ. Má fọwọ́ kan ọkùnrin yẹn. Ọmọ ẹ ni kó o rò."

Abẹ́rẹ́ ní òun ti gbọ́. Kò gbọ́.

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkọ yà sí ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́ láti jẹun. Ó bá ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí tábìlì, ó sì bá áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Abẹ́rẹ́ dárúkọ ọmọọṣẹ́ náà. Ọkùnrin náà wolẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé tábìlì.

"Mi ò ní parọ́ fún ọ mọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́fà. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká jókòó."

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ohun tí obìnrin yìí fura sí ti di òótọ́. Òun ló jàre. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dúró dè é. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló gbé áyọ́ọ̀nù lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀, tó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó gbójú sókè, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì ìwé rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn.

4.
Àwọn dókítà sa ipá wọn, ṣùgbọ́n àwọn ìka ọkọ náà ti ká kò, wọn ò lè di ẹ̀rọ ìgẹrun mú mọ́. Ọmọọṣẹ́ náà kó kúrò ládùúgbò. Ní ilé-ẹjọ́, yàtọ̀ sí ọkọ fúnra rẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn àfi ọmọ náà. Wọ́n rọra bi í léèrè, ó ń dáhùn, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Agbẹjọ́rò Abẹ́rẹ́ ro ẹjọ́ àgbèrè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, adájọ́ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ilé-ẹjọ́ gbà pé ọkọ rẹ dà ọ́, a sì káàánú rẹ," ni adájọ́ wí. "Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìyẹn kọ́ la wá dá lónìí."

Ó rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ wá wò ó lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Ṣé ó tẹ̀ lé yín wá?"

"Ó wà níta, lẹ́nu géètì."

"Kí ló dé tí ò wọlé?"

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí apá ibi tí géètì wà. "Ó ní ẹ̀rù ẹ ń ba òun."

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ kíyè sára. Ẹni tó dalẹ̀ jẹ̀bi, kò sí ẹni tó máa wẹ ẹ̀bi náà kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n dalẹ̀ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sunkún, láti kó jáde, láti kọ ìgbéyàwó náà sílẹ̀ níwájú òfin. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún tó.

Ó ku nǹkan kan tí ẹ máa ṣe lónìí, kí inú tó bí yín rárá. Ẹ yan ẹnì kan tí ẹ lè sá lọ bá. Ẹ pè é báyìí, ẹ sọ fún un pé: "Bí mo bá kan ilẹ̀kùn rẹ pẹ̀lú ìbínú, ṣáà kọ́kọ́ jẹ́ kí n wọlé."