Ìpẹtà Kì Í Ké

Dúró níbẹ̀! Ìwọ tí ojú rẹ ń sáré lórí ìwé yìí, dẹsẹ̀ dúró, kí o gbọ́ ohun tó bá ọkùnrin kan tí Ọlọ́run fún ní irú etí tí kò fún ẹlòmíì. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí. Àlébù kan ṣoṣo ló ní: bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, kò fẹ́ kí ohunkóhun yẹ ọ̀rọ̀ náà wò mọ́.

Rìwáyà ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe. Agbọ́hùn-Mọ̀dí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Bí mọ́tò àtijọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí kọ́nà bọ̀, yóò ti dijú, yóò gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò ní, "Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì yẹn ti dẹ̀." Bí wọ́n bá ṣí i wò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n á bá a. Àwọn ọ̀gá tó dàgbà jù ú lọ a máa gbé mọ́tò wá láti ọ̀nà jíjìn, kó kàn lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ògo ni fún Ẹni tó dá irú etí bẹ́ẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ agbẹ̀bí, ló tọ́ ọ dàgbà. Òun ló ra mítà tí wọ́n fi ń wọn iná fún un lọ́jọ́ tó kọ́ṣẹ́ tán. Agbọ́hùn-Mọ̀dí dúpẹ́ gan-an, ó sì fi mítà náà kọ́ sórí ìṣó lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, tòun ti ọ̀rá tí wọ́n fi wé e.

Mọ́tò ẹ̀gbọ́n yìí ti gbó, ṣùgbọ́n òun ló fi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aboyún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mọ́tò kú sójú ọ̀nà, agbẹ̀bí sì fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń rọbí. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà má yè. Agbọ́hùn-Mọ̀dí tẹ́tí sí ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè máa fún bátìrì ní iná. "Ara ẹ̀ le koko," ló wí. Ó ṣáájì bátìrì, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, mọ́tò tún kú.

Wọ́n tì í padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí agbẹ̀bí dé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bátìrì ti wà lórí ṣáájà láti àárọ̀.

"Àbúrò mi," ló wí, "obìnrin mẹ́ta ló máa bímọ lọ́sẹ̀ yìí. Jọ̀ọ́, lo mítà."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé irin ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́ tí Ọlọ́run kọ́ mi?"

"Ogún ọdún ni mo ti ń gbẹ̀bí. Tí mo bá fọwọ́ kan ikùn, mo mọ ibi tórí ọmọ wà. Síbẹ̀, mo ṣì ń fi téèpù wọ̀n ọ́n."

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ fi mítà yẹn sílẹ̀ o. Aláǹtakùn ló ni ín báyìí, ó ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i!"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ká a lára. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, ṣùgbọ́n Agbọ́hùn-Mọ̀dí ò fẹ́ kí wọ́n rí i pé orí tòun mì rárá.

"Ẹ sún mọ́bí, kẹ́ ẹ wá wòran," ó ní. Ó gbé bátìrì sínú mọ́tò, ó sì sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Àṣà kan wà lọ́wọ́ àwọn rìwáyà: wọ́n á yọ wáyà kúrò lórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, bí ẹ́ńjìnnì ò bá kú, wọ́n á ní ọ́tánétọ̀ dára. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé ikú wà nídìí àṣà yẹn, pé bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣáájà a máa mí afẹ́fẹ́ tó ń gbiná. Bátìrì náà sì ń hó wúyẹ́wúyẹ́. Etí tó ń gbọ́ àrùn inú irin gbọ́ híhó yẹn ketekete. Ó kọ etí ikún sí i.

Ó fa wáyà yọ. Iná kọ yẹ̀rì. Gbàmù! Bátìrì bẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ó di orí àbúrò rẹ̀ mú bí ẹni di ọmọ tuntun mú, ó ń da omi sí i lójú títí kẹ́ẹ̀gì fi gbẹ, ó sì ní kí wọ́n pọn òmíràn wá. Ásíìdì inú bátìrì kò ríbi jẹ ojú rẹ̀. Ojú méjèèjì là. Ṣùgbọ́n etí méjèèjì lọ. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé fún un, nítorí kò lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: kò ní gbọ́ràn mọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó gbá aláǹtakùn dànù, ó sì mú mítà kúrò lórí ìṣó. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mítà sì ka fóòtì mẹ́rìnlá, iye tó yẹ kó kà, lára ọ́tánétọ̀ fúnra rẹ̀. Etí rẹ̀ kò parọ́. Ara ẹ̀rọ náà le koko lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lórí bátìrì, mítà kò kúrò ní méjìlá. A jẹ́ pé iná ń sọnù lójú ọ̀nà. Ó tọpa wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èyí tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara mọ́tò. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ lábẹ́ bóòtù tó dè é mọ́ irin. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ha ibẹ̀ mọ́, ó dè é le, ó tún sítáàtì mọ́tò. Mítà gun mẹ́rìnlá. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni! Etí tó dára jù láyé kò lè gbọ́ ìpẹtà, nítorí ìpẹtà kì í ké.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sínú mọ́tò, aboyún kan ń retí rẹ̀. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó sọ nǹkan kan. Agbọ́hùn-Mọ̀dí gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kó lè mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké.

"Kí lẹ wí?" Ohùn rẹ̀ ròkè ju bó ti yẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n fa ọwọ́ àbúrò rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ náà: O ṣeun.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí nìyí. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi fún ọ, Òun ló ni ín, kò sì fi fún ọ kí o má baà gba ìmọ̀ràn mọ́. Ẹni tó fún ọkùnrin yìí ní etí náà ló fún un ní ẹ̀gbọ́n, Òun náà ló sì fi mítà rán ẹ̀gbọ́n náà sí i. Onírẹ̀lẹ̀ a máa bi ìdáhùn rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kejì; agbéraga a dúró de ìgbà tí nǹkan bá bẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ní ohun kan tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ fún ọ, tí o fi kọ́ sórí ìṣó. Mo bẹ̀ ọ́, dìde báyìí, nígbà tí o ṣì ń gbọ́, kí o lọ mú un sílẹ̀.