Bídọ́ọ̀nù Kan Nínú Adágún Ẹja

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹja àrọ̀ Ọ̀ṣúnkúnlé ti léfòó, ikùn wọn funfun lójú omi. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Daagbé ni adágún náà wà. Ó kàn jókòó sétí omi, ó ń wò wọ́n.

Faridatou tó ń ta epo bẹntiróò lẹ́bàá ọ̀nà ló sọ pé nírọ̀lẹ́ àná, òun rí Mathias, alátùnṣe bátìrì, tó ń bọ̀ láti ìhà adágún pẹ̀lú bídọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Mathias àti Ọ̀ṣúnkúnlé ń jà lórí ààlà ilẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ fà á wá.

“Bídọ́ọ̀nù lítà márùn-ún péré!” Mathias pariwo. “Omi bátìrì tó ti bàjẹ́ ni mo lọ dà nù sínú igbó. Kí ni bídọ́ọ̀nù kan fẹ́ fi odindi adágún ṣe? Ẹ pe Angèle wá, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ṣimí, ẹ̀kọ́ nípa èròjà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ jẹ́ kó ṣírò ó.”

Àwọn èèyàn wo ara wọn.

“Angèle kẹ̀?” ni Faridatou wí.

“Ẹ pè é,” Ọ̀ṣúnkúnlé dáhùn. “Kì í parọ́.”

Angèle dé, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Ó ri pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe kan tó bọ omi, ó wo bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe yí. Ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn. Ó wọn gígùn àti ìbú adágún, ó fi ọ̀pá wo bó ṣe jìn tó. Ó ṣírò ó, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe.

“Ó tó bẹ́ẹ̀,” Mathias rẹ́rìn-ín. “Sọ fún wọn.”

Ọ̀ṣúnkúnlé nìkan ni Angèle kọjú sí.

“Bàbá, omi tó dáa, nọ́ńbà tó ń fi bó ṣe kan tó hàn kì í jìnnà sí méje. Tiyín ti wálẹ̀ sí mẹ́rin. Bó bá fi ẹyọ kan wálẹ̀, ìyọ́ọ̀nù tó ń fa kíkan á di ìlọ́po mẹ́wàá. Láti méje sí mẹ́rin, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún nìyẹn. Mo ti ṣírò iye ìyọ́ọ̀nù náà tó wà nínú adágún yìí, mo sì fi èyí tí omi fúnra rẹ̀ á ti kọ́kọ́ sọ dòfo kún un.”

“Omi bátìrì tó lè ṣe ìyẹn á tó mélòó?” ni Ọ̀ṣúnkúnlé béèrè.

“Bídọ́ọ̀nù kan,” ni Angèle wí. “Lítà márùn-ún ti tó.”

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Mathias.

“Angèle,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, “èmi tí mo bí ẹ, tí mo rán ẹ níléèwé, èmi náà lo wá fi ìṣirò mú?”