Ọjọ́ Tí Mùílíù Pa Koríko Iwájú Ilé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ó ti ń rẹ èmi tí mò ń kọ ọ́ pàápàá, torí irú rẹ̀ ti pọ̀ jù ládùúgbò wa. Ẹ kà á tán kí ẹ tó gbé oògùn koríko.

1.

Mùílíù ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní Kùtọnu. Godomey nítòsí ibẹ̀ ni òun àti Kàdíjátù ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Kàdíjátù gbin elégédé sẹ́yìn ilé, àwọn olóúnjẹ ọjà Gbégamey ló sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iwájú ilé ńkọ́? Ó ro ọ̀nà tóóró kan láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi ìyókù sílẹ̀ kó hù bó ṣe fẹ́. Patanmọ́ wà níbẹ̀, imí-eṣú wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń yọ òdòdó wẹ́wẹ́. Bílẹ̀ bá ti mọ́, oyin á ti dé. Labalábá á tẹ̀ lé wọn. Ẹyẹ ẹ̀gà á máa já koríko lọ kọ́ ilé.

Rodiat, ọmọ wọn, ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Kùtọnu, ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ò tíì parí láìsí ayẹyẹ ìdáǹdè, èyí tí a ń pè ní liberasíọ̀. Ọjọ́ náà ni ọ̀gá máa ń súre fún ọmọ, tó máa ń fún un níwèé ẹ̀rí níwájú ẹbí, kóun náà tó lè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì Mùílíù ò kọjá oúnjẹ. Elégédé ẹ̀yìn ilé ni Kàdíjátù gbójú lé fún ìnáwó náà.

2.

Mùtíù, ọ̀rẹ́ Mùílíù, wá kí i.

“Mùílíù, ṣé ilé yìí lo ṣì ń gbé, àbí o ti fi í háyà fún ejò?”

“Kí ló dé?”

“Wo iwájú ilé rẹ! Ibí lo fẹ́ kó àlejò liberasíọ̀ wá? Wọ́n á ní ìyàwó rẹ ò mọ ìgbálẹ̀ mú ni.”

Mùílíù rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: iyanrìn tí a gbá tó ń dán là ń pè ní ojú ilé. Bí koríko bá hù síbẹ̀, wọ́n á ní onílé ti di ọ̀lẹ.

Ó wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀. “Ìyá Rodiat, mo máa pa koríko yẹn.”

“Bàbá Rodiat, ẹ jọ̀ọ́. Oyin tó ń jẹ níbẹ̀ náà ló ń lọ sórí elégédé mi. Ẹ jẹ́ kí n kórè ná, màá fọwọ́ ara mi ro ó.”

“Ṣé oyin la fẹ́ pè síbi ayẹyẹ ni?”

“Àwọn gan-an ló ń bá wa náwó rẹ̀.”

Mùílíù fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

3.

Kàdíjátù lọ wo ìyá rẹ̀ ní Pobè. Kó tó dé, Mùílíù ti ra oògùn koríko. Ó ní kí wọ́n po oògùn kòkòrò mọ́ ọn, kí nǹkan kan má bàa ta àlejò jẹ. Ìgbà tí òdòdó là, tí oyin bo gbogbo rẹ̀, ló fọ́n ọn. Nígbà tó di ọ̀sán, oyin ti wà nílẹ̀ káàkiri, wọ́n ń yí, wọ́n ń gbọ̀n. Nígbà tí koríko rọ tó gbẹ, ó gbá gbogbo rẹ̀ jọ, ó sun ún.

“Háà!” ni Mùtíù wí. “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dà bí ilé èèyàn!”

Kàdíjátù dé, ó dúró sẹ́nu géètì, ó ń wo eérú.

“Ẹ kú iṣẹ́,” ló sọ, ó sì wọlé.

4.

Ẹ jẹ́ kí n dúró ṣàlàyé díẹ̀ níbí. Oríṣi òdòdó méjì ni elégédé ń yọ, akọ àti abo. Abo ló ní elégédé kékeré nídìí. Ìyẹ̀fun yẹ́lò inú akọ gbọ́dọ̀ dé inú abo kí èyí tó wà nídìí rẹ̀ tó lè dàgbà. Atẹ́gùn ò lè gbé e. Oyin ló ń gbé e. Ṣé ó yé yín? Ó dáa.

Òdòdó elégédé Kàdíjátù là, oyin ò wá. Àwọn elégédé kékeré pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n ń já bọ́. Láràárọ̀ ni Kàdíjátù ń já òdòdó akọ, tó ń fi kan abo lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bẹ̀rẹ̀, tó ń nà. Kó tó dé ìdajì, oòrùn ti mú, òdòdó ti pa dé. Ìwọ̀nba tó rí kó ò ju èyí tí wọ́n sè jẹ nílé.

5.

Ọjọ́ liberasíọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. “Kí la fẹ́ sọ fún ọ̀gá Rodiat?” ni Mùílíù béèrè.

“Ẹ sọ fún un pé ojú ilé wa mọ́.”

Wọ́n ṣe liberasíọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ Rodiat, òun ń wò wọ́n. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, ó ń gbálẹ̀, ó ń já òwú lára aṣọ aláṣọ. Mùtíù ò tún yà sílé wọn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mùílíù rí patanmọ́ kan tó hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Bó ṣe fọwọ́ kàn án, ewé rẹ̀ pa dé. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó lóṣòó sínú iyanrìn níbẹ̀, ó ń dúró dè é kó là.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ro ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀, ẹ ro ẹnu ilẹ̀kùn nítorí ejò, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù yọ òdòdó. Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ dúró kí òdòdó rẹ̀ rọ ná. Ẹ má fọ́n oògùn sí ohun tí oyin ń jẹ lórí rẹ̀ láé. Ẹni tó ń fi koríko iwájú ilé yín ṣe yẹ̀yẹ́ ò ní bá yín náwó lọ́jọ́ ìnáwó. Oyin tí ẹ lé lọ ì bá bá yín ná an.