Àgò Inú Ẹ́ńjìnì

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọlọ́kadà kan ti alùpùpù ògbólógbòó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Oyèkànmí, mẹkáníìkì tó dá ṣọ́ọ̀bù sí ojú ọ̀nà oko.

"Ẹ bá mi gbọ́ ọ, bàbá. Kò síbi tí mi ò gbé e dé."

Oyèkànmí fẹsẹ̀ ta á títí ẹ́ńjìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó fi ẹnu sukudiráfà kan ẹ́ńjìnì, ó fi ìdí rẹ̀ ti etí, bó ti máa ń ṣe láti gbọ́ ohun tó wà nínú. Kọ́, kọ́, kọ́. Ó sinmi díẹ̀. Kọ́, kọ́, kọ́. Bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ni. Ó pa ẹ́ńjìnì, ìró náà ò dúró. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ àwàdà ti mọ́ ọn lẹ́nu jù.

"Àgò yà o! Ẹ wọlé!"

Ìró náà dákẹ́. Ọlọ́kadà bú sẹ́kún.

"Ẹ foríjì mí, bàbá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń kàn, mi ò jẹ́ dá a lóhùn."

Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnì ń dún geere.

Sukudiráfà ṣì wà létí Oyèkànmí, ẹnu irin náà ò kan nǹkan kan mọ́. Ohùn kan rọra gba inú irin náà wá:

"A ti wọlé o, onílé. Ẹ tilẹ̀kùn."