Ohun tó Wà Nínú Ikùn Ẹja

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Adágún kan wà lórí òkè ní ìlú Òkè-Arómi, oúnjẹ ibẹ̀ pọ̀ débi pé ẹja kì í mọ ebi. Apẹja kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Fámúrewá. Ẹnu rẹ̀ gùn ju okùn ìwọ̀ rẹ̀ lọ, kò sì ní sùúrù rárá.

Ọmọbìnrin kan ní ìlú náà, Àṣàkẹ́, ló fẹ́ fẹ́. Àṣà ìlú náà ni pé ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀ ara rẹ̀ pa ẹja ní adágún, kó gbé e fún àna. Fámúrewá ti fọ́nnu káàkiri pé ẹja tòun á ya gbogbo ayé lẹ́nu.

Ó gun òkè lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ẹ̀sunsun, kòkòrò abìyẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn òjò, ń já bọ́ sójú omi, ẹja ń jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, opó tó ń dẹ ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ ìdẹ ẹja, nítòsí, pè é.

"Ọmọ mi, ẹja tó yó kì í wo ekòló. Ẹ̀sunsun ni kó o fi sí ìwọ̀, kó o sì jókòó jẹ́ẹ́."

"Háà, ìyá! Èmi Fámúrewá ni kí n máa ṣa ẹ̀sunsun bí ọmọdé?"

Ó ń ju ekòló ṣáá, ẹja kankan ò fẹnu kàn án. Nígbà tí ìyá náà sọ̀kalẹ̀ lọ sílé, Fámúrewá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tú ìgèrè ìyá náà, ó sì gbé ẹja ńlá inú rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ilé àna kún. Fámúrewá gbé ẹja náà sílẹ̀, ó ní, "Ìwọ̀ mi ló mú un o! Ẹ̀sunsun ni mo fi tàn án!"

Ìyá Àṣàkẹ́ la ikùn ẹja náà lójú gbogbo wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ẹyìn ọ̀pẹ ló kún inú rẹ̀, kò sí ẹ̀sunsun kan níbẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé Ìyá Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló ń fi ẹyìn dẹ ìgèrè?

Àṣàkẹ́ ò bú u. Ó kàn wò ó, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ ní, "Gbé e padà fún ẹni tó ni ín. Má sì padà wá síbí."

Ọ̀sán gangan ni Fámúrewá gbé ẹja tí wọ́n ti là nínú la àárín ìlú kọjá. Ojú tì í, ó gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ gba ẹja náà, ó mirí.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò bá sọ fún mi. Ǹ bá bá ọ ṣa ẹ̀sunsun náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á lẹ́kún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbéraga ló sọ apẹja di olè. Ẹ máa gba ìmọ̀ràn, ẹ ní sùúrù, ẹ má sì purọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.