Afusat Ní Òun Ò Gbà

Afusat ń ránṣọ níwájú yàrá wọn ní Ajah nígbà tí àwọn méjì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí rédíò. Lọ́yà kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kíndìnrín àwọn òkú ń jẹrà nínú ilẹ̀ nígbà tí àwọn alààyè ń kú nítorí àìrí rẹ̀, pé ó yẹ kí tiwa náà dà bíi ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn: ẹni tí kò bá sọ nígbà ayé rẹ̀ pé òun ò gbà, kí dókítà kà á sí ẹni tó ti gbà. Ẹnì kejì bi í léèrè pé mélòó nínú àwọn bíríkìlà ló mọ ibi tí wọ́n ti ń lọ sọ pé àwọn ò gbà.

Àǹtí Waliyat, aládùúgbò tó wá wọ búbà rẹ̀ wò, pòṣé.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ó ní. "Àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ń wá a fún. Tí wọ́n bá bi ẹ́ lọ́jọ́ kan, Afusat, má wolẹ̀ o. Sọ pé o ò gbà."

Afusat rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì kan ni ló máa ń pa ni lẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, Bọ̀sún, tó ń bá Taofeek, ọkọ Afusat, lẹ táìlì, pè é láti sáìtì wọn ní Igbó Ẹfọ̀n. Taofeek ti dákú. Ọ̀gá Babájídé, ẹnjiníà tó gbéṣẹ́ fún wọn, ti fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Lẹ́kkí Phase 1.

"Ẹ má bẹ̀rù," Bọ̀sún sọ fún un. "Ọ̀gá ní kò sóhun tẹ́ ẹ máa ná. Àwọn dókítà yẹn ti mọ̀ wọ́n dáadáa."

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti mú un. Níbo ni dókítà Lẹ́kkí ti mọ oníṣẹ́ táìlì? Kí ni wọ́n fẹ́ lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é lóore tó bẹ́ẹ̀?

Nínú ọkọ̀, ó ń ro ọkọ rẹ̀ ṣáá. Taofeek kì í ṣe aláìsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìkúnlẹ̀ iṣẹ́ ni. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ló máa ń lọ wo iṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí, á sì ti ibẹ̀ dé pẹ̀lú báńdéèjì lápá. Ó ní etí táìlì ló ń gé òun. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ gan-an lẹ́yìn náà, àmọ́ ta ni kì í rẹ̀ nínú iṣẹ́ kọ́lékọ́lé?

Nígbà tó débẹ̀, Ọ̀gá ti padà sí sáìtì. Afusat ò pè é. Kò mọ ẹni tó tún lè fọkàn tán. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti ojú gíláàsì, ojú dídì, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lápá. Dókítà méjì kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu," ọ̀kan sọ fún èkejì. "Tí ìyàwó bá ti fọwọ́ sí i, ká gbé e wọ tíátà."

Ẹ̀jẹ̀ ta àti ta? Àyà Afusat já.

Nọ́ọ̀sì kan jáde wá, Ọlábùnmí ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. Ó gbé fọ́ọ̀mù olóyìnbó kan síwájú Afusat, ó rí i pé kò lè kà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ ní ìkánjú.

"Ọ̀rọ̀ kíndìnrín ni, mà. Àwọn fúnra wọn ti gbà lẹ́nu tipẹ́, wọn ò kàn tíì fọwọ́ sí i ni. Ẹ̀yin la máa bi báyìí."

"Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí."

"Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í sọ ọ́ nílé." Ó wo aago. "Ẹ má bínú, kò sáyè. Kíndìnrín ò ní dúró dè wá dọ̀la. Ṣé ẹ gbà á, àbí ẹ ò gbà á?"

"Ṣé wọ́n ṣì wà láàyè?"

"Wọ́n wà láàyè, mà. Ìdí nìyẹn tá a fi ń yára."

Òógùn bo Afusat nínú òtútù éésì yẹn. Òkú ni wọ́n ń sọ lórí rédíò. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ fẹ́ dúró kó kú.

"Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì náà ló máa lọ. Àwọn tó ń retí rẹ̀ pọ̀."

Afusat dìde. "Mi ò gbà," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré, ó sì tún un sọ kó lè lágbára. "Mi ò gbà á."

"Ṣé ó dá yín lójú, mà? Ṣé ẹ̀sìn yín ni?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n gbà á."

Nọ́ọ̀sì fi ibi tí yóò tẹ̀ka sí pé òun ò gbà hàn án, Afusat sì tẹ̀ka síbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó wọlé tọ ọkọ rẹ̀ lọ. Ó jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí kò sí ojú ọ̀bẹ kankan, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun tètè dé.

Ní ọ́fíìsì tó kángun sí i, Nọ́ọ̀sì Ọlábùnmí gbé fóònù, ó ní, "Bàbá Ògúnkúnlé, ẹ máa bọ̀ kíá, kíndìnrín tá a fẹ́ fi sí ẹnì kan lára láàárọ̀ yìí ti kàn yín, kíndìnrín méjèèjì tiẹ̀ ti kú, ẹ̀rọ ló ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀ ní òun ò gbà á."