Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Dé Ìdí Igi

Ọ̀rọ̀ ta ni ẹ̀gbọ́n ló gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé inú ọkọ̀ Tísà.

Tísà àti Télọ̀ múlé ti ara wọn. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, àwọn tí ì bá sì sọ ẹni tó kọ́kọ́ ké nínú wọn ti kú tipẹ́. Láti ìgbà tí irun orí wọn ti dúdú títí tó fi funfun, kò sẹ́ni tó fi "ẹ" kí ẹnì kejì rí. "O jí?" "Mo jí. Ìwọ náà ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Télọ̀ ní kí Tísà wá jókòó sínú ọkọ̀ òun. Ó ti gíláàsì pa, ó gbé orin sókè, ó tẹ iná, wọ́n bọ́ sí títì. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí eré ṣe pọ̀ tó gbéra, ó lọ sùn sí ìpẹ̀kun.

"Ara mi ò tiẹ̀ gbọ̀n," Tísà wí.

"Ta ló ń gbọ̀n nínú bàálù?" Télọ̀ rẹ́rìn-ín. "Eré tó bá ti pọ̀ jù, jẹ́jẹ́ ló máa ń rí lára. Kọ̀ǹpútà tuntun ni mo fi sí i. Ó yá, ká sáré! Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí igi ìparí títì, òun ni ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá kẹ́yìn á máa fi 'ẹ' kí i títí ọlọ́jọ́ á fi dé."

Láti ọjọ́ mẹ́ta tó ti fi kọ̀ǹpútà náà sí i, àwọn oníbàárà ló ń dúró de Télọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Ó ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ló fà á.

Tísà délé, ó ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ro ẹjọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin tí orúnkún yín ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, eré wo lẹ fẹ́ sá? Ọkọ kan ṣoṣo ni mo ní o, mi ò ní sípíà."

"Ṣé kí n wá máa pe Télọ̀ ní ẹ̀gbọ́n?"

Ìyàwó rò ó díẹ̀. "Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti kọ́kọ́ dé ìdí igi?"

"Ẹnikẹ́ni!"

"Ó dáa. Ẹ pe oníkọ̀ǹpútà."

Ẹni tó ṣe ti Télọ̀ náà ló wá. Ó wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tú àpótí kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ó so wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní wáyà abẹ́rẹ́ eré náà gbọ́dọ̀ gba inú àpótí tuntun kọjá. Tísà mi orí bí ẹni tó yé. Lẹ́yìn náà ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan, ó ní kí Tísà máa tẹ iná, òun náà ń tẹ nọ́ńbà: iye epo tí ẹ́ńjìnnì á mu, ìgbà tí iná á ṣẹ́ sí i.

Ìyàwó gbé omi tútù wá fún un.

"Ọmọ mi, ìwọ lo ṣe ti Télọ̀, ọkọ ọ̀rẹ́ mi?"

"Èmi ni, mà."

"Ọ̀rẹ́ mi ń yìn ọ́, ó ní látìgbà náà lọkàn òun ti balẹ̀. Bó o ṣe ṣe tiẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kó o ṣe ti bàbá yìí. Má fi kan dín, má fi kan lé."

Inú Tísà dùn. Ìyàwó òun ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ.

"Kí bàbá ṣáà máa ti gíláàsì," oníkọ̀ǹpútà wí. "Atẹ́gùn kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa."

Títì gbọọrọ tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tì pa ni wọ́n lọ. Ìyàwó Télọ̀ ò wá. Ó ní oorun ń kun òun. Ìyàwó Tísà ló dúró láàárín ọkọ̀ méjèèjì, ó bọ́ ìborí rẹ̀ dání. Ó ti kẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ó ní òun á gùn ún relé.

Ó ju ìborí sílẹ̀.

Tísà tẹ iná kanlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ké tòò, abẹ́rẹ́ lọ sùn sí ìpẹ̀kun. Ó di sítíárìn mú bí ẹni di ẹ̀mí mú, òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀. Imú ọkọ̀ Télọ̀ àti tirẹ̀ dọ́gba. Òótọ́ ni Télọ̀ sọ, bíi bàálù ló rí. Jẹ́jẹ́ báyìí ni Tísà ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ilé iṣẹ́ náà, títí kan ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń tọ̀ síbẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé ojú òun ṣì mú tó báyẹn. Nǹkan kan fò kọjá láàárín ọkọ̀ méjèèjì bí ẹyẹ. Kò yíjú. Abẹ́rẹ́ ló ń wò. Ó ń gbọ́ "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n" létí ara rẹ̀, láti ẹnu Télọ̀, ó sì tún tẹ iná.

Nígbà tí àwọn méjèèjì jọ dé ìdí igi, imú sí imú, ìyàwó Tísà ti jókòó sí ibòji rẹ̀ tipẹ́, kẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ fara ti igi, ó ń fi ìborí nu òógùn ọrùn, ó sì ní: "Káàbọ̀, àbúrò, ìwọ náà, àbúrò, káàbọ̀."